Ọ̀NÀ KAN KÒ WỌ ỌJÀ

Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Bí a ṣe lè tún ọ̀ràn wò kí a tó sọ pé ó ti bàjẹ́

Bí ẹ bá ka ẹ̀kọ́ yìí tán, ẹ má ká a mọ́ abẹ́ ìrọ̀rí o. Ẹ kà á sí etí àwọn tí kò mọ ìwé kà nínú wa, kí gbogbo wa lè jọ jíròrò lórí rẹ̀ nígbà tí a bá pàdé.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó ti oko bọ̀ kò gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹni tó ti ojú títì bọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjà kan náà ni àwọn méjèèjì ń ná. Bí ọ̀nà kan bá dí, aláìgbọ́n á jókòó síbẹ̀, á máa sunkún pé ọjà ti tú mọ́ òun lójú. Ọlọ́gbọ́n á yí ẹsẹ̀ padà, á wá ọ̀nà mìíràn. Bí ọ̀ràn ayé ti rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń sọ pé nǹkan le, kò sì jẹ́ pé nǹkan náà le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni a dúró sí tí a ń wò ó.

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gbọọrọ dá yín lágara. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin àwa fúnra wa ní Òfíkì níhìn-ín ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

1. Ọ̀RÀN ÈÈPO Ẹ̀GẸ́

Gbogbo wa la mọ òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ibi tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ wa ti ń rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n sì ti ń yan gàrí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á dáná sun ún, èéfín á bo ilé àwọn aládùúgbò. Nígbà òjò, á jẹrà, á máa rùn, eṣinṣin á gba ibẹ̀ kan. Omi tó ń jáde lára rẹ̀ á sì ṣàn lọ sínú odò kékeré tí àwọn ọmọ ti ń pọnmi. Nígbà tó yá, ewúrẹ́ bàbá kan ní àdúgbò náà jẹ èèpo tútù yó, inú rẹ̀ wú, ó sì kú. Bàbá náà gbé ẹjọ́ wá bá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́. Ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ìpàdé ọjọ́ yẹn gbóná. Àwọn kan ní kí ìyá kọ̀ọ̀kan tó ń yan gàrí máa dá owó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí a fi háyà píkọ́ọ̀pù tí yóò máa kó èèpo náà lọ sínú igbó. Àwọn ìyá ní rárá o, èrè orí gàrí kò tó bẹ́ẹ̀ mọ́: igi ìdáná wọ́n, epo ẹ̀rọ wọ́n, owó ọkọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn ní kí a kúkú ti ibẹ̀ pa, kí àdúgbò ó sinmi. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ibẹ̀ pa, kí ni àwọn ìyá wọ̀nyí yóò fi máa jẹun? Owó tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́, inú gàrí ni wọ́n ti ń san án. Bí gàrí bá kú, ẹgbẹ́ náà gbọgbẹ́ nìyẹn.

Ibi tí a ti ń pariwo lọ́wọ́ ni ìyá Fúlàní kan tó máa ń kiri wàrà wá láti gáà ti gbé igbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nítòsí wa. Ó dúró, ó wò wá, ó tọ́ka sí òkìtì náà, ó ní: "Ẹ̀yin ìyá mi, èló ni ẹ ń ta èyí tó gbẹ lára rẹ̀?"

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Akápò wa ní: "Ìyá oníwàrà, ìdọ̀tí nìyẹn o. Àwa là ń wá ẹni tí a ó sanwó fún kó bá wa kó o dànù."

Ó ní: "Ìdọ̀tí kẹ̀? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá tán, oúnjẹ ẹran nìyẹn."

Gbogbo ilé dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Láti ìgbà tí a ti ń jà lórí òkìtì yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo là ń bi ara wa: ta ni yóò kó o dànù? Ìyá oníwàrà bi ìbéèrè mìíràn: ta ni ó ń wá a? Òkìtì náà kò yí padà. Òórùn rẹ̀ kò kúrò. Ibi tí a dúró sí wò ó ni ó yí padà.

2. OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ TI ṢE NÍPA RẸ̀

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni a ṣe ìwádìí, a sì rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn èèpo ń dà láàmú. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo ayé, nítorí náà èèpo rẹ̀ kò lóǹkà. Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí ohun ọ̀sìn tí à ń pè ní ILRI, pẹ̀lú àwọn ti IITA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ti jókòó lé ọ̀ràn yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe gàrí gan-an náà ni a lè fi sọ èèpo di oúnjẹ ẹran.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó ṣa èèpo tútù lójúmọ́ tí a bó o, a ó yọ iyanrìn àti kùkùté rẹ̀ kúrò. A ó rìn ín nínú ẹ̀rọ bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́. A ó dì í sínú àpò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ jáde. A ó tú u, a ó sẹ́ ẹ, a ó wá sá a tínrín sórí sìmẹ́ńtì tàbí tapolíìnì nínú oòrùn. Èyí tó kúnná, a lè pò ó mọ́ oúnjẹ adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ dípò díẹ̀ lára àgbàdo. Èyí tó ṣe wúruwùru, ti ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù ni.

Kí ló dé tí a fi ní láti rìn ín, kí a sì tẹ̀ ẹ́? Ìdí méjì ni. Èkíní, májèlé kan wà lára èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Òun ló ń pa ewúrẹ́ tó bá jẹ ẹ́ yó. Rírìn, títẹ̀ àti sísá ni ó ń dín májèlé yẹn kù. Èkejì, bí a bá kàn da èèpo sílẹ̀ báyìí nínú oòrùn, á tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kó tó gbẹ, ìbukùn sì lè mú un kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ìbukùn náà májèlé ni fún ẹran. Èyí tí a bá rìn, tí a sì tẹ̀, lè gbẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo bí oòrùn bá mú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin oníṣòwò. Ìṣirò wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta èèpo tútù ni yóò di bíi tọ́ọ̀nù kan tó gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ta ìwọ̀n kan, kó ka iṣẹ́ orí ìwọ̀n mẹ́ta sí i, kó ka epo ẹ̀rọ, kó ka àpò, kó ka ọwọ́ àwọn tó sá a. Àìṣe bẹ́ẹ̀, á máa ta ọjà lójoojúmọ́, gbèsè á sì máa ga lẹ́yìn rẹ̀. Bákan náà, èèpo nìkan kò tó ẹran í jẹ, torí pé ohun tí ń fún ara ní ìdàgbà kò pọ̀ nínú rẹ̀. A ní láti fi kúlíkúlí tàbí ẹ̀wà sóyà là á.

Àwa náà ti dán an wò níwọ̀nba. Ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́: a sá a nípọn, òjò dé ní ọ̀sán, ilẹ̀ mọ́, ìbukùn ti mú gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ti ń bú wa tẹ́lẹ̀ rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, a sá a tínrín, a sì yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ojú ọ̀run. Ìyẹn gbẹ, ó ń ta wín-ín wín-ín lọ́wọ́. Àwọn ará gáà rà lára rẹ̀. Bàbá tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú náà rà. A kò tíì lówó níbẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n a kò háyà píkọ́ọ̀pù mọ́, kò sì sí ẹni tó ń sọ pé kí a ti ibi iṣẹ́ àwọn ìyá pa.

3. ÀWỌN ARÁ ROCHDALE

Àbí ẹ rò pé àwa la kọ́kọ́ ṣe irú èyí? Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fúnra rẹ̀, inú títún ọ̀ràn wò ni ó ti jáde.

Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣẹ́ ń ṣẹ́ àwọn ahunṣọ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn gidigidi ní nǹkan bí ọdún 1840 sókè. Ẹ̀yin ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn àti agbègbè wa, ẹ mọ bí ìyà ti ń rí nígbà tí iṣẹ́ kò bá mówó wá. Àwọn ará ibẹ̀ ti bá àwọn ọ̀gá wọn jà pé kí wọ́n fi owó kún owó wọn. Kò bọ́ sí i. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn ni: báwo ni owó tó ń wọlé yóò ṣe pọ̀ sí i?

Nígbà tí ọ̀nà yẹn dí, wọ́n yí ìbéèrè padà: owó kékeré tó ń wọlé yìí, ibo ló ń gbà jáde? Nígbà náà ni wọ́n rí i pé ọwọ́ àwọn onísọ́ọ̀bù ni ó ń lọ, àwọn tó ń ta ọjà wọ́n, tí òṣùwọ̀n wọn kò pé, tí wọ́n tún ń po nǹkan mìíràn mọ́ ìyẹ̀fun. Àwọn bíi 28 kó ara wọn jọ. Wọ́n ń tọ́jú kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí ó fi di pọ́n-ùn kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1844, wọ́n ṣí sọ́ọ̀bù tiwọn ní òpópónà Toad Lane. Ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà, ọkà óòtì àti àbẹ́là ni ọjà tó wà níbẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í tàwìn. Òṣùwọ̀n wọn pé. Èrè tó bá kù, wọ́n á pín in gẹ́gẹ́ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti rajà tó.

Ẹ wò ó, owó iṣẹ́ wọn kò tíì lé sísì kan ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí sọ́ọ̀bù yẹn. Ṣùgbọ́n owó kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ojúlówó oúnjẹ. Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni ó tàn ká ayé, tó sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1935 ni òfin àkọ́kọ́ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní Nàìjíríà. Nínú ìran yẹn ni ẹgbẹ́ tiwa náà wà.

4. Ọ̀RÀN AGBÈSÈ

Èyí dùn wá láti sọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, àgbẹ̀ oníṣu, yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ nínú oṣù Kejì. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà wa nígbà náà, oṣù Kẹta ni ó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án, lóṣooṣù. Ó san lẹ́ẹ̀kan, ó san lẹ́ẹ̀kejì, ó dákẹ́. A kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn agbèsè. Àwọn onídùúró rẹ̀ ń sá fún un, òun náà ń sá fún ìpàdé. Àwọn kan ní olè ni, kí a yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́.

Àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ wa ló bi wá pé: "Nínú oṣù Kẹta, níbo ni iṣu wà?" Gbogbo wa mọ̀ ọ́n: inú ebè ni. Oṣù Keje sí Ìkẹjọ ni iṣu titun ń dé. Owó wo ló wá fi san ti oṣù Kẹta àti Ìkẹrin? Nígbà tí a lọ bá a nílé, a gbọ́ òtítọ́ tó mú wa tijú. Ó lọ yá owó èlé níta láti fi san owó ẹgbẹ́! Ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ kí ọmọ ẹgbẹ́ má bàa bọ́ sọ́wọ́ olówó èlé ni ó tì í lọ́wọ́ olówó èlé.

Ojú agbèsè ni a fi ń wò ó, a kò wo ìwé tiwa. Oníṣòwò tó ń tajà lọ́jọ́ ọjà ló lè san owó lóṣooṣù. Àgbẹ̀ oníṣu, ìgbà ìkórè ni owó tirẹ̀ ń dé. Ohun tí ìgbìmọ̀ ti pinnu báyìí ni pé ẹ̀yáwó oko yóò máa tẹ̀lé oṣù ìkórè, ẹ̀yáwó ọjà yóò sì máa lọ lóṣooṣù bí ti tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà ti padà sí ìpàdé. Ó sì ti ń san owó rẹ̀.

5. IGI Ẹ̀MÍ

Ohun kan tún kù tí a fẹ́ kí ẹ wò, torí ó ń bọ̀ lọ́nà. Ní gbogbo Òkè-Ògùn, igi ẹ̀mí pọ̀ nínú pápá wa. Ẹni tó ń jó èédú rí i, ó rí àpò èédú. Ìyá tó ń ṣe òrí rí igi kan náà, ó rí òrí ọdún yìí, ti èémọ́dún, àti ti ọmọ ọmọ rẹ̀. A kò bú ẹni tó ń jó èédú; ebi ni kò jẹ́ kó ríran jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Igi ẹ̀mí ń tó nǹkan bí ọdún 15 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so, ó sì lè lò ju 100 ọdún lọ lórí ìdúró. Ẹni tó gé e, ó tà á lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó dá a sí, ọdọọdún ni yóò máa ṣa èso rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé fún oṣù mẹ́fà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó èso ẹ̀mí tí a kò tíì ṣe di òrí lọ sí òkè òkun. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé Nàìjíríà ló ń pèsè ẹ̀mí jù lọ láyé, síbẹ̀ owó tó ń bọ́ sí wa lọ́wọ́ nínú òwò náà kò tó nǹkan, torí pé tútù ni à ń tà á. Ìjọba náà tún ọ̀ràn wò nìyẹn. Ìbéèrè tó kù fún àwa ni: ṣé kí á máa ta èso, àbí kí á kó ara wa jọ, kí á máa ta òrí?

6. ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÍ A LÈ MÁA BI ARA WA

Nígbà tí ọ̀ràn kan bá dé, yálà nílé, lóko tàbí lọ́jà, kí a tó bínú, kí a tó sọ pé ó parí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin:

(i) Ìbéèrè wo ni mo ti ń bi ara mi látẹ̀yìnwá? Ǹjẹ́ òmíràn wà?
(ii) Ta ni ó tún ń wo ohun yìí láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn? Kí ni òun rí? Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó ń kiri wàrà.
(iii) Ǹjẹ́ ìlànà tí èmi fúnra mi gbé kalẹ̀ ni kò bá ìgbà mu?
(iv) Bí mo bá ṣe é lọ́nà tuntun, èló ni yóò gbà lọ́wọ́ mi? Báwo ni mo ṣe lè kọ́kọ́ dán an wò níwọ̀nba?

Ìkìlọ̀ kan wà o. Títún ọ̀ràn wò kò sọ irọ́ di òtítọ́. Ẹni tó kórè, tó tajà, tó wá fi owó ẹgbẹ́ ṣe ìnáwó ìgbéyàwó, agbèsè ni. Láti ibi yòówù kí a ti wò ó, agbèsè ni, àwọn onídùúró rẹ̀ yóò sì dáhùn. Kì í sì í ṣe gbogbo ìdọ̀tí ló ń di owó. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a yí i ká ná, kí a wo iwájú, kí a wo ẹ̀yìn, kí a tó dájọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ni ohun tí à ń kó dànù lóko tàbí lọ́jà wa tí ẹlòmíràn lè máa wá? Ẹ dárúkọ mẹ́ta.
2. Ẹ̀yin tí ẹ ti yá owó ẹgbẹ́ rí, ǹjẹ́ oṣù tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í san án bá ìgbà tí owó ń wọlé fún yín mu? Ẹ sọ ọ́ láìbẹ̀rù.
3. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ra tapolíìnì àti jáàkì kan sí i fún iṣẹ́ èèpo, ṣé kí owó rẹ̀ ti inú àpò ẹgbẹ́ wá, àbí kí àwọn tí yóò lò ó dá a? Ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó ti dìbò lórí èyí. Ẹ jọ̀wọ́, kí olúkúlùkù wá.

Ìyá oníwàrà ṣì ń kiri. Bí ó bá tún bi yín ní ìbéèrè, ẹ má kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o.

A ó máa rí ire bá ara wa ṣe. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.